Wolé-wolé ni Mí, Òkè-Ayin Ló Kọ́ Mi Níṣẹ́

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti ka ìwé mẹ́wàá tán, tí ẹ ń rò ó lọ́tùn-ún lósì pé iṣẹ́ wo lẹ ó fi ayé yín ṣe, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí n sọ tèmi fún yín.

Orúkọ tí bàbá mi sọ mí ni Jákọ́bù. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dé Èsìẹ́ tí ẹ ní Jákọ́bù lẹ ń wá, wọ́n á bi yín pé Jákọ́bù wo. Ẹ ní Bàbá Wolé-wolé lẹ ń wá, ẹnikẹ́ni tó bá wà lójú ọ̀nà á mú yín dé ẹnu ilẹ̀kùn mi. Iṣẹ́ wolé-wolé ni mo ṣe láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù títí tó fi funfun. Àwa la máa ń wọ ilé onílé kiri láti wò ó bóyá àgbàlá mọ́, bóyá ilé ní ṣáláńgá, bóyá tànwíjí, àwọn ọmọ ẹ̀fọn tí í máa jó nínú omi, ti wà nínú àmù. Tí wọ́n bá ní kí n tún ayé wá lónìí, iṣẹ́ yìí náà ni n ó ṣe. Síbẹ̀, ọdún kan wà tí mo ká kakí mi, tí mo fẹ́ lọ dá a padà, kí n gba oko iṣu bàbá mi lọ. Ẹ máa gbọ́ nípa ọdún náà.

Bí mo ṣe wọṣẹ́ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ni, káńsù sì ń wá àwọn ọ̀dọ́ tó lè kàwé tí wọ́n sì lè gun kẹ̀kẹ́. Mo lè ṣe méjèèjì, wọ́n gbà mí. Owó oṣù kéré, ṣùgbọ́n ó ń jáde. Ó tán.

Ẹni tí wọ́n fà mí lé lọ́wọ́ ní Òmù-Àrán ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Ọ̀gá Dáníẹ́lì ni wọ́n ń pè é. Ọkùnrin gíga, tínrín, tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó máa ń lọ kakí rẹ̀ títí ojú aṣọ náà á fi le bíi páálí. Ṣíbí onígi gígùn kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi ń bu omi inú àmù wò, tọ́ọ̀ṣì wà lápò rẹ̀ ọ̀tún, ìwé sámánsì tó fi ń pe ènìyàn lẹ́jọ́ wà lápò òsì.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo dọ̀bálẹ̀ kí i. Kò tíì dáhùn tó fi bi mí pé, "Ǹjẹ́ o ti gbẹ́ ṣáláńgá rí?"

Mo ní, "Rárá, sà."

Ó ní, "Ọkọ́ àti ṣọ́bìrì wà lẹ́yìnkùlé. Lọ gbẹ́ ọ̀kan."

Mo rò pé ó ń dán mi wò lásán ni, pé tí mo bá gbẹ́ ẹ dé orúnkún á ní kí n jáde. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi gbẹ́ ilẹ̀ náà. Òkúta yangí ló wà nísàlẹ̀, gbogbo àtẹ́lẹwọ́ mi ló bó. Nígbà tí mo pè é pé mo ti ṣe tán, ó ju okùn tó ti so kókó sí lára sínú kòtò náà, ó wò ó, ó ní, "Ó ku ìgbọ̀nwọ́ kan. Padà sínú rẹ̀." Mo padà sínú rẹ̀. Omi ń bọ́ lójú mi nísàlẹ̀ ibẹ̀, inú mi sì dùn pé kò lè rí mi.

Nígbà tó pé, ó ní kí n lọ wẹ̀ kí n wá jẹun. Bí mo ṣe ń jẹun ló sọ pé, "Ní báyìí, tí o bá sọ fún bàbá arúgbó kan pé kó gbẹ́ ṣáláńgá, wàá mọ ohun tí ò ń sọ fún un."

Ọdún méjì gbáko ni mo fi tẹ̀lé e. Ó kọ́ mi láti máa kí baálé ilé kí n tó wo ohunkóhun. Ó kọ́ mi pé ẹnu wolé-wolé kò gbọdọ̀ kan oúnjẹ nílé tó ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, mo fo àmù kan nílé àbúrò ìyá mi, torí pé ó ti ń kí mi tayọ̀tayọ̀, ojú ń tì mí láti máa bu omi rẹ̀ wò. Ọ̀gá Dáníẹ́lì padà lọ wò ó lẹ́yìn mi. Tànwíjí ń jó níbẹ̀ bí ẹni pé ọjọ́ ọdún ni. Ó da omi náà nù, ó fi àmù tó ṣófo hàn mí lójú àǹtí mi, ó ní, "Ìwọ ni wàá pọn ọ́n kún." Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ sódò pẹ̀lú garawa lórí, nínú kakí, àwọn ọmọge sì ń rẹ́rìn-ín mi lójú ọ̀nà. Láti ọjọ́ náà, n kò fo àmù kankan mọ́.

Ọ̀gá Dáníẹ́lì gbà pé ìbẹ̀rù ni irinṣẹ́ wa tó mú jù. Ó máa ń gbá ìwé sámánsì yẹn mọ́ itan, á ní, "Jákọ́bù, tí wọn ò bá bẹ̀rù rẹ, wọn ò ní gbọ́ tìrẹ." Mo gbà á gbọ́, torí pé mo rí i bí ọjà ṣe ń mọ́ tónítóní kó tó dé ibẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ tiwa sílẹ̀, tí a kọ́kọ́ ń fi orúkọ mìíràn pè é kó tó wá di Kwara, ijó ni wọ́n jó ní Òmù-Àrán títí eruku fi bo ojú ọ̀run. Iṣẹ́ pọ̀ sí i, ọ̀gá sì kéré. Wọ́n wá fún mi ní agbègbè tèmi, Èsìẹ́ àti àwọn abúlé oko tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó jìnnà jù nínú wọn ni Òkè-Ayin. Ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ la fi ń débẹ̀, láàárín oko iṣu àti oko gbágùúdá. Àwọn ọmọ ìjọ wà níbẹ̀, àwọn mùsùlùmí wà níbẹ̀, ìdílé kan sì wà tó ń bọ adágún omi tí gbogbo abúlé ń mu. Aróyè lorúkọ adágún náà.

Mo gun kẹ̀kẹ́ wọ Òkè-Ayin bí ọmọ ogun. Bí wọ́n bá ti gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ mi báyìí, ariwo á sọ pé, "Wolé-wolé ń bọ̀!" Àwọn obìnrin á máa da omi nù, wọ́n á máa gbálẹ̀, wọ́n á máa kó ewúrẹ́ síta. Inú mi ń dùn. Mo ń wo ara mi bí Ọ̀gá Dáníẹ́lì kékeré. Ní oṣù kan ṣoṣo, mo kó ilé méje lọ sí kóòtù láti abúlé kékeré yẹn. Mo jókòó sí ọ́fíìsì, mo kọ ọ́ sínú ìwé pé iṣẹ́ ń lọ dáadáa.

Lẹ́yìn náà ni onígbáméjì dé.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní ò mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe máa ń rí létí wa. Àárọ̀ ni ènìyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ tí yóò sì máa bì, tí ilẹ̀ bá fi ṣú ojú rẹ̀ ti wọnú, awọ ara rẹ̀ ti hunjọ. Wọ́n ránṣẹ́ sí gbogbo wa pé ibikíbi tí a bá ti rí aláìsàn, ká tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn, torí pé ẹni tó bá tètè débẹ̀ ń yè. Lọ́jọ́ Ajé, mo gun kẹ̀kẹ́ dé Òkè-Ayin. Ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Mo lọ láti ojúlé dé ojúlé. Gbogbo wọn dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo ilẹ̀, wọ́n ní, "Ara wa le, a dúpẹ́." Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé kò sí aláìsàn kankan ní Òkè-Ayin. Mo yí kẹ̀kẹ́ padà.

Lọ́jọ́ kẹta, obìnrin kan sáré pàdé mi lójú ọ̀nà Èsìẹ́, kò sí gèlè lórí rẹ̀, kò sí bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Dọ́káàsì ni, ìyàwó Àjàní, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ ebè kọ jù ní abúlé náà. Ó ní, "Ẹ gbà mí, ọkọ mi ń kú lọ."

Inú abà lóko ni a ti bá Àjàní. A gbé e jáde sójú títì, a dá ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó iṣu dúró, a tẹ́ ẹ sáàárín iṣu. Mo di orí rẹ̀ mú. A ò tíì rí òrùlé Òmù-Àrán tó fi dákẹ́.

Bí a ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà pẹ̀lú òkú náà, mo bi ìyàwó rẹ̀ ní ìbéèrè òmùgọ̀ kan. Mo ní, "Dọ́káàsì, mo dé ẹnu ọ̀nà yín lọ́jọ́ Ajé. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

Ó gbójú sókè wò mí. Kò fi ẹ̀yin pè mí mọ́. Ó ní, "Ìwọ gan-an la fi í pamọ́ fún. Wọ́n ní tí o bá rí i, wàá jó ẹní wa, wàá ti ilé wa pa, wàá kó wa lọ sí kóòtù bí o ṣe kó wa lọ léṣìí. Ó ń ké nínú abà pé omi, omi. Mo gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ rẹ lọ́ọ̀ọ́kán. Mo fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu, mo ní kó dákẹ́, wolé-wolé ń kọjá."

Mo fi ọwọ́ pa ojú Àjàní dé. Títí di òní, ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò létí mi.

Òun nìkan kọ́ ló kú ní Òkè-Ayin lọ́sẹ̀ náà. Nígbà tí a sin wọ́n tán, mo fọ kakí mi, mo lọ̀ ọ́, mo ká a sínú páálí, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Dáníẹ́lì, tó ti fẹ̀yìntì nígbà yẹn. Mo ní kó bá mi dá a padà fún wọn, pé mo ń lọ sóko. Mo sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, mo sọ ti ọwọ́ tí obìnrin náà fi bo ọkọ rẹ̀ lẹ́nu.

Ọ̀gá Dáníẹ́lì ṣí páálí náà, ó wo kakí inú rẹ̀. Mo ń retí kó bú mi. Nígbà tó la ẹnu, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó ní, "Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wọ ilé onílé. N kò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jókòó níbẹ̀. Èmi fúnra mi ò mọ̀ ọ́n. Tí o bá lọ sóko báyìí, ẹlòmíràn tí kò mọ̀ ọ́n náà ni wọ́n á rán lọ síbẹ̀." Ó ti páálí náà padà sí mi lẹ́sẹ̀. "Gbé aṣọ rẹ. Ṣùgbọ́n má tíì wọ̀ ọ́."

Mo fi ẹsẹ̀ rìn padà sí Òkè-Ayin. Mo wọ bùbá àti ṣòkòtò tí mo fi ń ṣiṣẹ́ oko. Àkókò ebè kíkọ ti dé, àwọn ọkùnrin abúlé sì ti ṣe àáró láti kọ ebè Àjàní fún opó rẹ̀. Mo mú ọkọ́, mo bọ́ sẹ́yìn wọn. Kò sẹ́ni tó kí mi. Mo kọ ebè títí di ọ̀sán, mo lọ. Mo tún padà wá lọ́sẹ̀ kejì. Lọ́sẹ̀ kẹta, bí mo ṣe na ẹ̀yìn láti nu òógùn ojú mi, mo rí igbá omi lọ́wọ́ ẹnì kan níwájú mi. Dọ́káàsì ni.

Mo mu omi náà tán. Ó ṣì dúró. Ó ní, "Àwọn tí wọ́n tètè gbé dé ilé ìwòsàn, kí ni wọ́n fi sí wọn lára tí wọ́n fi yè?"

Mo ní, "Omi ni, Ìyàwó. Omi àti iyọ̀ àti nǹkan díẹ̀. Omi ara wọn ló gbẹ, wọ́n dá a padà sí wọn lára."

"Omi àti iyọ̀?" Ó jókòó sórí ebè. "Omi àti iyọ̀ lásán?" Ó sunkún débi pé àwọn ọkùnrin ju ọkọ́ sílẹ̀. Nígbà tó nu ojú tán, ó ní, "Kò gbọdọ̀ sí ẹni tí a ó tún fi pamọ́ mọ́ níbí."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló di ẹgbẹ́. Obìnrin kan láti agbo ilé kọ̀ọ̀kan ló wà níbẹ̀, onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí, wọ́n sì ń pè é ní Ẹgbẹ́ Má-fi-pamọ́. Òfin wọn kò ju mẹ́ta lọ. Ẹni tí ara rẹ̀ ò bá yá, kó sọ fún ará ilé kejì. Ará ilé kejì á gbọ́únjẹ fún un, á bójú tó àwọn ọmọ rẹ̀. Tó bá le, gbogbo abúlé á gbé e. Èmi ò sí nínú òfin náà rárá. Tí mo bá dé, wọ́n á pè mí jókòó, wọ́n á ròyìn fún mi. Ìwé sámánsì mi wà nínú àpótí, eku jẹ ẹ́ níbẹ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n kọ́ wa bí ìyá lè po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi nílé fún ọmọ tó ń yàgbẹ́. Dọ́káàsì ni mo kọ́kọ́ kọ́. Ó fi ìdérí ìgò wọn iyọ̀, ó fi ṣíbí wọn ṣúgà, ó tọ́ ọ wò lẹ́nu, ó ní, "Kó má ju omi ojú lọ ní iyọ̀." Bó ṣe ń kọ́ wọn láti ilé dé ilé nìyẹn. Onígbáméjì tún padà wá sí agbègbè wa lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ó wọ Òkè-Ayin. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ọmọkùnrin mẹ́ta lórí kẹ̀kẹ́ mẹ́ta ti dé ọ̀dọ̀ mi ní Èsìẹ́ láti sọ ilé tó wọ̀. Kò pa ẹnì kan ṣoṣo níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó wọ kakí mi padà, Dọ́káàsì ló sì bá mi lọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà ní Òkè-Ayin tí kò lọ. Sòbìà ni. Sòbìà kì í tètè pa ènìyàn, ó ń gbé ènìyàn kalẹ̀ ni. Aràn gígùn bí okùn, á yọ lẹ́sẹ̀, wọ́n á máa fi igi kékeré ká a díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, ẹsẹ̀ náà á wú, a máa ta bí iná. Ìgbà tí iṣẹ́ oko bá pọ̀ jù ló máa ń yọ. Mo ti dé abúlé yẹn lásìkò ebè, tí mo bá ìdajì àwọn ọkùnrin lórí ẹní. Tí ẹ bá bi wọ́n, wọ́n á ní a bí i mọ́ ènìyàn ni, pé inú ẹran ara ló wà bí iṣan.

Wọ́n kọ́ wa níbi iṣẹ́ pé inú omi ló ti ń wá. Ẹni tí sòbìà ti yọ lẹ́sẹ̀ á wọnú adágún, aràn náà á tu àwọn ọmọ rẹ̀ sómi, kòkòrò tíntìntín inú omi á gbé wọn mì, àwa náà á mu omi náà, á sì pé ọdún kan nínú ara wa kó tó yọjú. Àwọn òṣìṣẹ́ kan wá láti Ìlọrin pẹ̀lú oògùn tí wọ́n fẹ́ dà sínú Aróyè. Àgbàlagbà obìnrin tó ń tọ́jú adágún náà, Ìyá Aróyè, jókòó sí etí omi, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ da oògùn náà lé òun lórí. Wọ́n padà lọ. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ bínú, wọ́n ní àwọn á fi tipátipá dà á. Àwọn ọmọ ìdílé Aróyè pọ́n àdá. Mo rí i pé abúlé tí wọ́n ti ń gbé ara wọn nígbà àìsàn fẹ́ pín sí méjì lójú mi.

Mo lọ bá Dọ́káàsì. Mo ní, "Ẹ bá mi lọ kí Ìyá Aróyè."

Ó ti di díákónì nígbà yẹn. Ó ní, "Bàbá Wolé-wolé, ó tó ogún ọdún tí èmi àti ìyá yẹn ti bá ara wa sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Torí ṣọ́ọ̀ṣì ni."

Mo ní, "Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá bá yín."

Lọ́jọ́ kejì, lọ́sàn-án gangan, a dé etí Aróyè. Dọ́káàsì kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì. Ìyá náà wò ó títí, ó ní, "Dìde, ọmọ mi. Ilẹ̀ yẹn tutù." Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ òfin omi náà fún mi. Ó kà á: a kì í fi ọṣẹ fọ nǹkan níbẹ̀, a kì í ti ìkòkò dúdú bọ̀ ọ́, ẹran kì í mu níbẹ̀. Ẹnu yà mí. Gbogbo ọdún tí mo ti ń wá wolé-wolé kejì fún abúlé yẹn, ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bu omi fún mi fúnra rẹ̀. Bó ṣe gbé aṣọ sókè láti wọ omi, mo rí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Sòbìà wà níbẹ̀, wọ́n ti ká a mọ́ igi. Mo fi ọwọ́ dá a dúró, mo ti ife dígí bọ omi náà, mo gbé e sókè sínú oòrùn, mo fún un ní dígí kékeré tí í sọ nǹkan di ńlá. Ó wo inú rẹ̀. Nǹkan funfun tíntìntín ń ta sókè sódò níbẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un ní pẹ̀lẹ́, láti orí ẹsẹ̀ dé inú omi, láti inú omi dé ẹnu.

Ó gbé ife náà sílẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Aróyè ò bí sòbìà. Ẹsẹ̀ wa la fi ń gbé e wá bá a." Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn kúrò létí omi. "Èmi ni mò ń fi ẹsẹ̀ yìí wọ inú rẹ̀ láràárọ̀."

Dọ́káàsì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ìyá ní, "N kò ní wọ̀ ọ́ mọ́ títí yóò fi san. Ẹnikẹ́ni tó ní egbò kò ní wọ̀ ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa bu omi ètùtù fún mi? Àwọn ọmọ mi náà wà lórí ẹní."

Mo wo Dọ́káàsì. Díákónì ni. Ó ní, "Ìyá, n kò lè bá yín ṣe ètùtù. Ṣùgbọ́n n ó máa bu omi náà, n ó gbé e lé yín lọ́wọ́ níbí yìí, lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ohun tí ẹ bá fi ṣe, àárín ẹ̀yin àti òun ni."

Ibi tí iṣẹ́ gbogbo ti yí padà nìyẹn. Tí ẹ bá ní kí ẹlẹ́gbò má wọ omi, ẹ gbọ́dọ̀ rí ẹni tí yóò pọnmi fún un. Má-fi-pamọ́ pín ara wọn sí agbo ilé agbo ilé, wọ́n ń pọnmi fún gbogbo ẹni tó wà lórí ẹní. Àwọn ọkùnrin tí ara wọn le ń kọ ebè fún àwọn tí kò lè dìde. Ìyá Aróyè gbé àpótí ìjókòó sẹ́nu ọ̀nà omi, ó ń wo ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn kó tó jẹ́ kí wọ́n kọjá. Kò wo ojú àlejò, kò wo ojú olóyè. Ó dá èmi náà dúró lọ́jọ́ kan, ó ní kí n ká ṣòkòtò mi sókè. Mo ká a sókè.

Wọ́n kó aṣọ asẹ́ funfun wá fún wa, èyí tí a ń ta bo ẹnu ìkòkò láti fi sẹ́ omi. Àwọn kan kọ́kọ́ fi sẹ́ ògì, ìyàwó tuntun kan tilẹ̀ wé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Dọ́káàsì tú u lórí rẹ̀ kí àlùfáà tó dé.

Ọdún yẹn le. Torí pé sòbìà máa ń pé ọdún kan nínú ara, àwọn tí a ti mu ṣáájú ṣì ń yọ. Ènìyàn ń sẹ́ omi láàárọ̀, sòbìà ń yọ sí i lẹ́sẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn kan fa asẹ́ ya, wọ́n ní a ń ṣeré ni. Baálé pe ìpàdé, ó sì jọ pé ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ tú. Ìyá Aróyè ló dìde, pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ ti gbin iṣu rí. Ṣé ọjọ́ tí ẹ gbìn ín lẹ ń wà á? Ẹ jẹ́ kí ọdún pé." Ó jókòó. Ìpàdé tú.

Ọdún pé. Ìgbà ebè dé, mo gun kẹ̀kẹ́ wọ Òkè-Ayin pẹ̀lú ìwé mi lọ́wọ́. Mo lọ láti ilé dé ilé. Kò sí ẹnì kan lórí ẹní. Gbogbo wọn wà lóko! Mo tẹ̀lé ohùn wọn, mo bá àwọn ọkùnrin tí wọ́n tò lọ bẹẹrẹ, wọ́n ń kọ ebè, wọ́n ń kọrin. Ènìyàn méjì péré ni sòbìà yọ lára wọn lọ́dún náà, wọ́n sì fúnra wọn lọ fi hàn Ìyá Aróyè kí n tó dé. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, kò sí ẹnì kankan. Mo fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ lórí koríko, mo gba ọkọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin kan, mo kọ ebè mẹ́rin nínú kakí mi.

Irinṣẹ́ ń yí padà nígbà gbogbo yìí. Mo fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, mo bọ́ sórí alùpùpù. Ṣíbí onígi Ọ̀gá Dáníẹ́lì di ohun tí mo gbé kọ́ ògiri. Nígbà tí kànga ẹlẹ́rọ dé, tí wọ́n gbẹ́ ẹ sí àárín abúlé, àwọn tó gbẹ́ ẹ ní kí baálé yan ọkùnrin méjì tí àwọn yóò kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe. Baálé ní, "Àwọn obìnrin ló ń pọnmi. Àwọn ni kí ẹ kọ́." Dọ́káàsì àti ọmọ Ìyá Aróyè obìnrin ló gba sípánà. Mo ti rí ọkùnrin láti abúlé mẹ́ta tí wọ́n wá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá bá àwọn tú ẹ̀rọ palẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó gba iṣẹ́ mi lẹ́yìn mi, fóònù ni wọ́n fi ń ròyìn. Ó yá mi lára. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó kí wọ́n tó yọ fóònù náà jáde.

Ìyá Aróyè kú ní orí ẹní rẹ̀, pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì tó mọ́. Àwọn ọmọ ìjọ wà lára àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀.

Lọ́dún bíi mélòó kan sẹ́yìn, tí mo ti fẹ̀yìntì, dókítà ọmọbìnrin kan wá bá mi láti Òmù-Àrán. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní, "Bàbá, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀rọ̀ sòbìà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ lè mú mi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣe lọ́wọ́, kí n lè yẹ̀ ẹ́ wò?"

Mo wọ ọkọ̀ rẹ̀, a jọ lọ sí Òkè-Ayin. Dọ́káàsì ti darúgbó, ó jókòó lábẹ́ òrùlé pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Mo sọ ohun tí dókítà ń wá fún wọn. Wọ́n wo ara wọn. Lẹ́yìn náà, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbé etí ìró wọn sókè díẹ̀, wọ́n fi ojú àpá hàn án: lójúgun, lọ́rùn ẹsẹ̀, lórúnkún. Dókítà náà bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ìka tọ àpá náà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń kàwé.

Ó ní, "Inú ìwé nìkan ni mo ti mọ̀ ọ́n, mà. N kò fojú rí i rí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ́ mi náà ò rí i rí. Ṣé kò wá sí ẹnì kankan tó ń ṣe báyìí?"

Dọ́káàsì bú sẹ́rìn-ín títí ẹ̀gúsí fi dànù ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó di dókítà náà lọ́wọ́ mú.

Ó ní, "Ẹ pẹ́ kẹ́ ẹ tó dé, ọmọ mi. Ó ti lọ."